Asọ̀rọ̀mágbèsì ní Ọjọ́ Ìsinmi tí Ó Kángun sí Kérésìmesì

Àwọn àgbà Yorùbá a máa sọ pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ kò ní fi mọ sí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ nìkan. Yóò wo ojú ẹni tí ń sọ ọ́, yóò wò ó bóyá ó ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń fajú ro, bóyá ẹyinjú rẹ̀ dúró sójú kan tàbí ó ń sá kiri. Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, ohun ìyanu ni ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ dé, ojú kò bá a dé. Ohùn ń jáde láti inú àpótí, ó ń kí ènìyàn, ó ń ròyìn, ó ń kọrin, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kí i padà, kò ní jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, èyíinì ni ohun tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì.

Orúkọ náà bá a mu, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò bá gba èsì, a jẹ́ pé ọwọ́ olùgbọ́ ni èsì kù sí. Òun ni yóò bi ara rẹ̀ bóyá òtítọ́ ni ohun tí ó gbọ́, bóyá ó wúlò fún un, àti ohun tí ó yẹ kí ó fi ṣe. Kò sí ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ yìí hàn gbangba tó Ọjọ́ Ìsinmi tí ó kángun sí Kérésìmesì. Ní ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ti ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti gba ìsinmi, àwọn ará ìdálẹ̀ ti ń darí bọ̀ wálé, rédíò kò sì dákẹ́ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ọ̀gànjọ́. Ìwàásù, orin, ìròyìn, ìkíni, ìkéde òkú àti ìpolówó ọjà ń tẹ̀ lé ara wọn bí omi odò. Ẹni tí kò bá kọ́ etí rẹ̀ yóò gbọ́ gbogbo wọn, kò sì ní gbọ́ ọ̀kankan.

Ó yẹ fún àfiyèsí pé oṣù Dìsẹ́ńbà ni ọ̀pọ̀ ohun ńlá inú ìtàn rédíò ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà, ọdún 1901, Guglielmo Marconi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, wà ní orí òkè kan ní Newfoundland, ó sì sọ pé òun gbọ́ àmì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òdì kejì òkun Àtìláńtíìkì, láìsí wáyà kankan láàrin. Àmì náà kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ìró kúkúrú mẹ́ta tí ó dúró fún lẹ́tà S ni. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn onímọ̀ ti rí i ṣe kí ohùn ènìyàn pàápàá gba ọ̀nà kan náà kọjá. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Dìsẹ́ńbà, ọdún 1932, ilé-iṣẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn rẹ̀ ni Kérésìmesì, ó sì bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ọba George Karùn-ún jókòó nínú ilé rẹ̀ ní Sandringham, ó sì bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ Kérésìmesì lórí rédíò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn ọba ni gbogbo ayé gbọ́, ṣùgbọ́n Rudyard Kipling, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé, ni ó bá a to ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹni tí ó ni ohùn àti ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ti lè jẹ́ ènìyàn méjì.

Ètò BBC yìí ni ó sọ rédíò di ohun tí àwọn ará Èkó mọ̀ nínú ilé wọn. Ní 1935, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín in láti ojúlé dé ojúlé. Ní 1939, iṣẹ́ náà dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, wáyà so ó mọ́ ilé-iṣẹ́, onílé a sì máa san owó rẹ̀ ní oṣooṣù. Rẹ̀dífúṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Onílé kò lè yí i sí ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá fi sí wáyà ni yóò gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni kí ó gbé ohùn náà sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní 1951 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà, tí à ń pè ní NBS, sílẹ̀. Ní 1957, ó di àjọ NBC. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ìbàdàn, láti inú èyí tí tẹlifíṣọ̀n WNTV àti rédíò WNBS ti jáde. Ní 1978, NBC fi ipò sílẹ̀ fún FRCN, ní 1994 sì ni rédíò àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó.

Láàrin ìgbà náà, rédíò kékeré tí ń lo bátìrì, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní 1954, ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Kò nílò wáyà, kò nílò iná mànàmáná, àgbẹ̀ sì lè gbé e kọ́ èjìká lọ sí oko. Lónìí, rédíò ti wọ inú tẹlifóònù alágbèéká, ẹni tí ó wà ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn sì lè mú èyí tí ó wù ú nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ju mẹ́wàá lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òun àti baba ńlá rẹ̀ tí ó ní rẹ̀dífúṣọ̀n pọ̀ púpọ̀. Baba ńlá rẹ̀ kò ní ohun tí yóò yàn. Òun ní, yíyàn náà sì ti di iṣẹ́ fún un.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù Ọjọ́ Ìsinmi, ìlù àti orin ìyìn ni ó sábà máa ń ṣáájú. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ yìí ti ń fi ìlù gángan ṣe àmì ìdánimọ̀, àwọn olùgbọ́ a sì máa fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́ ọ. Ìdí èyí kò jìnnà. Ohùn ọ̀rọ̀ ni gángan ń sọ, ìyẹn òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín rẹ̀. Kì í dárúkọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ohùn kan náà sì lè jẹ́ ti gbólóhùn púpọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìlù kan ṣoṣo lè ní ìtumọ̀ mẹ́ta ti kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú gbígbọ́ rédíò.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú orin Kérésìmesì. Púpọ̀ nínú àwọn orin tí à ń gbọ́ ní àkókò yìí ni ó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, tí wọ́n sì tú sí èdè Yorùbá. Orin òyìnbó ní ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ ń gbà lọ sókè sódò. Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà sì ní tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá fi ara mọ́ra, ìtumọ̀ a máa yí padà. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Bí orin bá fa ohùn tí ó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀ lọ sókè, akọrin lè gbé ọkọ́ roko níbi tí ó ti yẹ kí ó wọ ọkọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá kan rí àléébù yìí, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó gbé ayé láti 1855 títí di 1930, kọ orin ìyìn tí ó tẹ̀ lé ohùn èdè wa. Ní 1922, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral tí ó wà ní Marina ní Èkó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953. Fẹlá Ṣówándé, tí òkìkí rẹ̀ nínú orin kàn dé òkè òkun, ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi etí sílẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi lè fi orin tí wọ́n tú wé orin tí wọ́n dìídì kọ ní Yorùbá. Yóò rí i pé èkíní ń fẹ́ kí ènìyàn rí ìwé orin kí ó tó yé e, ṣùgbọ́n èkejì ń yé ìyá àgbà tí kò mọ̀wé.

Bí ìsìn bá bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ rédíò a máa gbé e jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì tààrà. Àwọn aláìsàn, àwọn arúgbó tí kò lè rìn, àti àwọn tí iṣẹ́ òru dá dúró ń bá wọn kọrin láti orí ibùsùn. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí orin náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó wà níwájú àwọn akọrin ń sọ ohùn wọn di agbára mànàmáná. Òpó gíga ilé-iṣẹ́ rédíò ń fọ́n agbára náà jáde gẹ́gẹ́ bí ìgbì. Rédíò inú ilé sì ń mú ìgbì náà, ó ń sọ ọ́ di ohùn padà. A máa ń sọ pé orí afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ rédíò ń gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e. Ìgbì rédíò jẹ́ ìbátan ìmọ́lẹ̀, ó sì ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn ènìyàn nínú afẹ́fẹ́ kò sáré ju nǹkan bí 340 mítà lọ. Nítorí náà, bí orin bá ń ti òpó rédíò bọ̀ tààrà, láìsí ẹ̀rọ mìíràn tí ó dá a dúró lójú ọ̀nà, aláìsàn tí ó wà ní àádọ́ta kìlómítà sí ṣọ́ọ̀ṣì yóò gbọ́ orin náà ṣáájú ẹni tí ó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ọ̀nà tí ó jìn ní ojú wa lè sún mọ́ ju èyí tí ó wà nítòsí lọ.

Nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, tí ìsìn sì ti parí, ìpolówó ọjà a gba ipò. Ìrẹsì, adìyẹ, aṣọ, bàtà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ohun èlò ilé ni wọ́n ń kéde. Wọ́n ní owó wọn ti wálẹ̀, wọ́n ní ẹni tí kò bá rà lónìí yóò kábàámọ̀ lọ́la. Kò yẹ kí ènìyàn bínú sí wọn. Ilé-iṣẹ́ rédíò ní láti san owó òṣìṣẹ́, owó epo tí ẹ̀rọ amúnáwá ń mu àti owó ìwé àṣẹ. Owó ìpolówó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùgbọ́ mọ ojú ibi tí ìròyìn ti parí tí ọjà sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohùn kan náà lè ka méjèèjì. Ohùn tí ènìyàn ti gbà gbọ́ nígbà tí ó ń ka ìròyìn ní agogo méje, òun náà ni ó ń yin ìrẹsì ní agogo méjì. Ewì aládùn ni wọ́n fi ń polówó òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń tún un sọ títí tí ọmọdé yóò fi mọ̀ ọ́n lórí ju ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Ní ibi yìí ni ọ̀rọ̀ rédíò ti ń di ọ̀rọ̀ ilé. Ọmọ gbọ́ nípa bàtà tuntun, ó sunkún lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá gbọ́ nípa aṣọ, ó rántí ẹgbẹ́ rẹ̀. Baba gbọ́ pé wọ́n ń ta ohun èlò láwìn, kí ènìyàn gbé e lọ kí ó sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó purọ́ fún wọn, síbẹ̀ nígbà tí oṣù Jánúárì bá dé, tí ilé-ìwé sì wọlé, owó ilé-ìwé ti di ìrẹsì jíjẹ àti aṣọ wíwọ̀. Ọmọ tí ó sunkún nítorí bàtà ni wọ́n yóò dá padà láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ilé tí ó bá jókòó pọ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n nílò sórí ìwé kí wọ́n tó yí rédíò sókè, ti dá ìpolówó lóhùn kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ohun tí rédíò ń yìn bá wà nínú ìwé wọn, wọn yóò rà á. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn yóò gbádùn ewì rẹ̀, wọn yóò sì jẹ́ kí ó kọjá lọ.

Lẹ́yìn ìpolówó ni ìkíni àti ìkéde òkú ń wá. Oṣù Dìsẹ́ńbà ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń yàn fún ìsìnkú àgbà àti ìrántí olóògbé, nítorí ìgbà náà ni àwọn ọmọ tí ó wà ní ìdálẹ̀ lè wálé. Rédíò ni ó ń bá wọn ké sí ẹbí: orúkọ olóògbé, orúkọ àwọn ọmọ, ọjọ́ àìsùn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti ilé tí àlejò yóò yà sí. Ìkéde báyìí kò fẹ́ olùgbọ́ tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Orúkọ kan náà lè jẹ́ ti ènìyàn mẹ́ta nínú ìlú kan. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ tí kò gbọ́ agboolé lè fi igbe ta kí ó sì kó ìpayà bá ilé tí òkú kò kú. Ẹlòmíràn gbọ́ ọjọ́ kò gbọ́ ìlú, ó wọ aṣọ funfun lọ sí Ìjẹ̀bú nígbà tí wọ́n ń sìnkú ní Ìjẹ̀ṣà. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n fi ń gbé ìwé àti kálàmù sí ẹ̀gbẹ́ rédíò. Àwọn àgbà sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ, ọjọ́ àti ibùgbé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi inú ara rẹ̀ parí.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìròyìn ń gbóná jùlọ. Ní àsìkò yìí, ọkọ̀ kún ojú ọ̀nà láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ àti Iléṣà, àti kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, a máa gbọ́ ohùn wọn lórí rédíò ní oṣù mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ọdún. Wọ́n ń kìlọ̀ pé kí awakọ̀ má sáré àsápajúdé, kí ó má rìn lóru, kí ó má sì kó èrò àti ẹrù ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n a tún máa rán awakọ̀ létí pé ọyẹ́ ń mú kí ojú ọ̀nà ṣókùnkùn ní àárọ̀. Ìròyìn ojú ọ̀nà kò dà bí ìtàn; ó dà bí àmàlà tí ó tutù bí kò bá tètè di jíjẹ. Ọkọ̀ tí ó dínà ní agogo márùn-ún lè ti kúrò níbẹ̀ ní agogo méje. Ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn agogo márùn-ún, tí ó tún un sọ ní agogo mẹ́sàn-án bí ẹni pé ìsinsìnyí ni ó ń ṣẹlẹ̀, kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ́ sórí tẹlifóònù, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ kan yóò ti di mẹ́wàá, ẹni tí ó farapa yóò sì ti kú.

Ní ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, èsì tí ó tọ́ kì í ṣe igbe, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti ìdálẹ̀ yóò gbọ́ ibi tí ewu wà, yóò bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀, yóò ní kí ó sùn kí ó sì bọ̀ ní ọ̀sán ọ̀la. Kérésìmesì kò ní sá lọ. Ìròyìn kan tí wọ́n gbọ́ dáadáa tí wọ́n sì fi ṣe nǹkan lè mú kí ìjókòó kan má ṣófo nídìí oúnjẹ ọdún.

Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, rédíò a tún ní agbára tí kò ní ní ọ̀sán. Ẹni tí ó ní rédíò tí ń gba ìgbì àárín yóò ṣàkíyèsí pé ilé-iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn tí kò lè gbọ́ ní ọ̀sán ń wọlé ketekete lóru. Oòrùn ni ó fa èyí. Ní òkè réré, láti nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà sí ilẹ̀ lọ sókè, ìtànṣán oòrùn ń mú kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní agbára mànàmáná. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa gbé ìgbì àárín mì ní ọ̀sán. Bí oòrùn bá wọ̀, apá ìsàlẹ̀ yìí a pòórá, ìgbì náà a gòkè dé apá òkè, a sì ta padà sí ilẹ̀ bí bọ́ọ̀lù tí ó lu àjà ilé. Ìgbì kúkúrú, èyí tí BBC fi bá Áfíríkà sọ̀rọ̀ ní 1932, ń lo àjà kan náà, ó sì lè ta láti ilẹ̀ dé òkè léraléra títí tí yóò fi la òkun já. Ìgbì FM kì í ta padà bẹ́ẹ̀. Ó mọ́ gaara létí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tààrà ni ó ń tọ̀. Òkè ńlá lè dí i, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn òkè ní Ìdànrè tàbí ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè lè máà gbọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò jìnnà sí i. Ohun mìíràn tí ó ran olùgbọ́ òru lọ́wọ́ ní oṣù Dìsẹ́ńbà ni pé òjò ti dá. Mànàmáná tí ń kọ lójú ọ̀run nígbà òjò ni ó sábà ń mú kí rédíò máa han gooro. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ariwo náà a dínkù.

Bí àpẹẹrẹ ohùn tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, a lè mẹ́nu kan ìsìn tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì nínú ṣọ́ọ̀ṣì King's College ní Cambridge, níbi tí wọ́n ti ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì mẹ́sàn-án pẹ̀lú orin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1918, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní parí. Eric Milner-White, tí ó ti ṣe àlùfáà fún àwọn ọmọ ogun, ni ó ṣètò rẹ̀. BBC kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1928, ọdún 1930 nìkan ni ó sì pa jẹ láti ìgbà náà. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni ó ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ agogo mẹ́rin ní Nàìjíríà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ti yọ gíláàsì aláràbarà ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì náà pamọ́, òtútù sì mú àwọn akọrin, síbẹ̀ wọ́n kọrin. Nítorí ọ̀tá, wọn kò dárúkọ ibi tí orin ti ń wá lórí rédíò. Èyí fi hàn pé ohun tí rédíò kò sọ ní ìdí tirẹ̀ pẹ̀lú, olùgbọ́ tí ó gbọ́n a sì máa kíyè sí i.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Dìsẹ́ńbà, ọdún 1906, Reginald Fessenden, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ta gòjé, ó sì ka Bíbélì lórí rédíò láti Brant Rock ní Amẹ́ríkà, tí àwọn awakọ̀ ojú omi sì gbọ́ ọ. Wọ́n ní òun ni ètò Kérésìmesì àkọ́kọ́ lórí rédíò. Ìtàn náà dùn, ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sì tún un sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Fessenden fúnra rẹ̀ kọ ní 1932, nígbà tí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá, ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Àwọn olùwádìí wá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ojú omi ìgbà náà títí, wọn kò rí ẹ̀rí pé ẹnì kan gbọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ó sì dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Bí ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ rédíò pàápàá bá ń fẹ́ ẹlẹ́rìí kejì, mélòómélòó ni ìròyìn tí ènìyàn gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ana?

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí olùgbọ́ máa bi ara rẹ̀ láti òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi títí di òru. Èkíní, ta ni ó ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣé ẹni tí ń sọ ọ́ ni, tàbí ẹni tí ó san owó fún un? Èkejì, báwo ni ó ṣe mọ̀ ọ́n, ìgbà wo ni ó sì ṣẹlẹ̀? Ẹ̀kẹta, kí ni ó ń fẹ́ kí n ṣe? Ìwàásù ń fẹ́ kí ó ronú, ìpolówó ń fẹ́ kí ó náwó, ìkéde ń fẹ́ kí ó wá, ìkìlọ̀ ń fẹ́ kí ó ṣọ́ra. Bí ó bá ti mọ èyí tí ó jẹ́, kò ní fi èsì ọ̀kan fún òmíràn.

Ní ayé òde òní, rédíò ti ń gba èsì díẹ̀. Àwọn olùgbọ́ ń fi tẹlifóònù pe ilé-iṣẹ́, wọ́n ń kí ẹbí, wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, wọ́n sì ń tako ẹni tí ó sọ àṣìsọ. Síbẹ̀, fún ẹnì kan tí ó rí àyè sọ̀rọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó jókòó sílé tí ń gbọ́ láìfọhùn. Fún wọn, asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì ni. Kì í ṣe inú àpótí ni èsì wọn yóò wọ̀. Ó wà nínú owó tí wọ́n fi pamọ́ de oṣù Jánúárì, nínú ọmọ tí wọ́n ní kí ó má rìn lóru, nínú orúkọ òkú tí wọ́n wádìí kí wọ́n tó sunkún, àti nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ ní àbọ̀ tí wọ́n kọ̀ láti tún sọ. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n níbi tí kò bá ti sí ojú tí ènìyàn lè wò, làákàyè olùgbọ́ ni yóò ṣe ojú.